Nọ́ńbà méjì péré ló yí padà, ìwé ẹlòmíì ló ṣí

Màmá yẹn ò kí mi pàápàá. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń kí mi dáadáa, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè iṣẹ́, wọ́n á ní ṣé iná ti dé ládùúgbò wa, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn bí mo ṣe gbé fóònù báyìí, ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni "Ọmọ mi, ọkùnrin wo lẹ fi fọ́tò ẹ̀ sórí ìwé ilẹ̀ mi?"

Wọ́n ń ta èlùbọ́ lọ́jà Bódìjà, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti ń bá ọ́fíìsì wa ṣe, lórí ilẹ̀ kan tí wọ́n rà lọ́nà Mọ́níyà. Owó èlùbọ́ ni wọ́n fi ra ilẹ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀, mo mọ̀ torí èmi ni mo síkáànì gbogbo rìsíìtì ẹ̀, òmíì nínú ẹ̀ ṣì ní ìyẹ̀fun lára nígbà tó dé ọwọ́ mi. Torí náà nígbà tí wọ́n ní ọkùnrin wà lórí ìwé àwọn, àyà mi já. Ọmọ onílẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, mo ní wọ́n ti tún ilẹ̀ màmá tà fún ẹlòmíì.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo fi líǹkì ìwé wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pé kí wọ́n lọ tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n mú un dání tí wọ́n bá ń lọ rí lọ́yà. Nígbà tílẹ̀ mọ́ wọ́n gbé fóònù lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń ṣe business center lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, gíláàsì fóònù màmá ti fọ́, dátà ti tán lórí ẹ̀, ni ọmọ yẹn bá ń wo líǹkì lójú fóònù, ó ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà tiẹ̀. Líǹkì yẹn gùn, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. 4417 ló parí sí, ọmọ yẹn tẹ 4471. Bó ṣe tẹ Enter báyìí, affidavit ọkùnrin kan ló jáde, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lókè, orúkọ, àdírẹ́sì ilé, nọ́ńbà NIN, iye tó ra ilẹ̀, ìbúwọ́lùwé ẹ̀ nísàlẹ̀. Ọmọ yẹn ò sì bèṣù bẹ̀gbà, ó ń kà á sí mi létí lórí fóònù bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Mo mọ ọkùnrin yẹn. Kọ́sítọ́mà wa lòun náà.

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó pa á, kó má tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní òun ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo ní kó fà á ya. Mo gbọ́ bí bébà yẹn ṣe ń ya.

Kí ẹ lè mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀: ọ́fíìsì kékeré ni tiwa n'Ìbàdàn níbí, èèyàn mẹ́rin la jẹ́, à ń bá àwọn èèyàn lé ìwé ilẹ̀ kiri láàárín sọ̀féyọ̀, lọ́yà àti sẹkitéríàtì. Tẹ́lẹ̀ inú fáìlì páálí la ń kó gbogbo ìwé sí, lórí ṣẹ́ẹ̀fù, títí òjò fi gba òrùlé wọlé lọ́dún kan tó ba ìwé bí ogójì èèyàn jẹ́. Ẹ ẹ̀ lè mọ bó ṣe rí kéèyàn máa fi abẹ rọra ya rìsíìtì 1987 kúrò lára ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn lọ̀gá wa ní ó tó gẹ́ẹ́, wọ́n lọ gba sọ́fítíwíà kan tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń tọ́jú ìwé, oṣooṣù là ń sanwó ẹ̀, èmi ni mo sì síkáànì gbogbo ìwé yẹn síbẹ̀, oṣù mẹ́rin gbáko. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kó ìwé àwọn èèyàn síbẹ̀, ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ fún wọn pé "ẹ fọkàn balẹ̀ mà, ó ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kò séwu."

Nígbà tí màmá pa fóònù tán, mo ṣí browser mìíràn, èyí tí mi ò fi wọlé rí, tí ò mọ̀ mí rárá. Mo tẹ líǹkì màmá, mo yí ìparí ẹ̀ sí 4418. Ó ṣí, survey plan ẹnì kan ní Apata. Mo tẹ 4419. Ó ṣí. Wíìlì ni. Mo ti rí orúkọ bàbá tó kọ ọ́ àti orúkọ ọmọ tó fẹ́ fún nílé kí n tó rí i tì pa, ojú tì mí bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá àgbàlagbà níbi tó ti ń wẹ̀. Mi ò dán ìkẹta wò. Méjì yẹn ti tó láti mọ̀, èyí tó bá ju ìyẹn lọ, ìwé ẹlòmíì ni mò ń kà.

Kò béèrè páásíwọ̀ọ̀dù. Kò béèrè orúkọ. Kò béèrè nǹkan kan.

Bàbá mi ló ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ẹbí wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Àpótí onírin kan ni, aláwọ̀ ewé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń wà, tí wọ́n bá ṣí i báyìí òórùn káńfọ̀ á gba gbogbo yàrá. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lára okùn ṣòkòtò wọn. Ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ló lè wá pé òun fẹ́ rí ìwé, ìbéèrè méjì ni wọ́n sì máa ń bi onítọ̀hún, kódà kó jẹ́ ọmọ àbúrò wọn tí wọ́n rí lánàá. Àkọ́kọ́, "Ọmọ ta ni ọ́?" Tó bá ti dáhùn ìyẹn tán, "Èwo ni tìẹ níbẹ̀?" Ìwé tiẹ̀ nìkan ni wọ́n á yọ, wọ́n á ti àpótí pa ná kí wọ́n tó na ìwé sí i. Mo máa ń rò pé bàbá mi le ni. Tó bá jẹ́ ìwé bàbá èèyàn lẹ bá a tọ́jú, ṣé ọ̀nà míì wà tí ẹ lè gbà ṣe é?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, sọ́fítíwíà ayé ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n bi dáadáa. Páásíwọ̀ọ̀dù, OTP tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí fóònù, ojú, ìka, gbogbo ìyẹn "ọmọ ta ni ọ́" ni. Ìkejì ló máa ń bọ́ sọnù. Ẹni tó kọ kóòdù á ṣe ojúlé tó ń gbé ìwé jáde, á ní tí nọ́ńbà ìwé bá ti dé kó lọ mú un wá nínú sítọ́ọ̀jì, kò ní kọ ìlà kékeré tó yẹ kó wà láàárín pé kó wò ó bóyá ẹni tó ń béèrè yìí ló ni ín. Ìlà kan ni o, òmíì ò ju méjì lọ. Tí nọ́ńbà yẹn bá wá tún ń tẹ̀léra wọn, 4417, 4418, 4419, ẹni tó bá ti ní ìwé ẹyọ kan lọ́wọ́ ti ní gbogbo ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ààbò ń pè é ní IDOR, lábẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní broken access control, ìyẹn kí ẹni tí ò láṣẹ máa rí ohun tí kì í ṣe tiẹ̀, àwọn OWASP tó máa ń to àwọn àléébù tó wọ́pọ̀ jù nínú àpù orí íntánẹ́ẹ̀tì sì gbé e láti ipò karùn-ún bọ́ sí ipò kìn-ín-ní lọ́dún 2021. Kò ní ọgbọ́n kankan nínú. Ọmọ business center tó ṣi nọ́ńbà tẹ̀ ló rí tiwa.

Àwọn kan á ní kí wọ́n kúkú sọ nọ́ńbà yẹn di lẹ́tà gígùn tí ò ṣeé méfò. Ó dáa, ó ran èèyàn lọ́wọ́, èmi náà á fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwa ṣe ń ṣe líǹkì níbí, a fi ránṣẹ́ sí ìyá, ìyá fi ránṣẹ́ sí ọmọ l'Ékòó, ọmọ jù ú sórí grúùpù ẹbí, grúùpù yẹn ní èèyàn 80. Bó ti wù kí líǹkì gùn tó, tí kò bá béèrè ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn, àwọn 80 yẹn ti wọlé.

Mo kọ ímeèlì sí àwọn tó ni sọ́fítíwíà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo to gbogbo ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, mo fi fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà sí i, mo pa orúkọ àwọn èèyàn rẹ́ níbẹ̀. Ìdáhùn dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní líǹkì yẹn àṣírí ni, ẹni tí a bá fún nìkan ló yẹ kó ní in lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé fóònù mo pè wọ́n, ọmọkùnrin tó gbé e gbọ́ mi tán, ó wá bi mí pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń pẹ̀tù sí ọmọdé, "Mà, ta ló máa jókòó tó máa máa ka nọ́ńbà?"

Gbólóhùn yẹn ni ò jẹ́ kí n sùn. Mo jí ní aago méjì òru mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a bóyá ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì rí, ibi tí mo ti pàdé ọ̀rọ̀ First American nìyẹn, mi ò sì tíì gbé e kúrò lọ́kàn látìgbà náà.

L'Amẹ́ríkà, téèyàn bá fẹ́ ra ilé, àwọn iléeṣẹ́ kan wà tó máa ń lọ wádìí bóyá ẹni tó ń ta ilé yẹn ló ni ín lóòótọ́, bóyá gbèsè ò sí lórí ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ bá wá padà dìde lẹ́yìn ọ̀la, àwọn ló máa fara gbá a. Title insurance ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ti rí "This house is not for sale" lára ògiri n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó rí á mọ ìdí tí irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi wúlò. First American wà lára àwọn tó tóbi jù nínú wọn, Santa Ana ní California ni oríkò wọn wà. Wọ́n ní àpù kan tí wọ́n ń pè ní EaglePro, àwọn òṣìṣẹ́ á kó ìwé tó jẹ mọ́ ríra ilé síbẹ̀, wọ́n á fi líǹkì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń rà, ẹni tó ń tà, àwọn agent àti àwọn yòókù. Nọ́ńbà ló wà ní ìparí líǹkì. Ẹ yí nọ́ńbà, ìwé ẹlòmíì ṣí. Ẹ ẹ̀ ní tẹ páásíwọ̀ọ̀dù kankan. Nígbà tí mo ka ibẹ̀ mo dìde lórí àga.

Ọkùnrin kan tó ń ṣe òwò ilé kíkọ́ ní ìpínlẹ̀ Washington ló kíyè sí i. Ó gbìyànjú láti bá iléeṣẹ́ yẹn sọ̀rọ̀, kò rí ẹni dá a lóhùn dáadáa, ó bá lọ sọ fún oníròyìn tó ń jẹ́ Brian Krebs, òun ló gbé e jáde ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2019, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni iléeṣẹ́ náà sì pa ojúlé yẹn. Iye ìwé tó wà nílẹ̀ gbalaja tó mílíọ̀nù 885, èyí tó pẹ́ jù tí Krebs rí níbẹ̀ jẹ́ ti ọdún 2003. Nọ́ńbà àkáǹtì báńkì àti stéètìmẹ́ńtì, ìwé owó orí, ìwé ẹ̀yáwó ilé, rìsíìtì owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, nọ́ńbà Social Security tó dà bíi NIN tiwọn, fọ́tò láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Àwọn èèyàn yẹn ò yan EaglePro o. Ilé ni wọ́n fẹ́ rà. Ẹnì kan wá kó ìwé wọn sínú àpótí tí wọn ò mọ̀ pé ó wà láyé, bí èmi náà ṣe kó ti màmá elélùbọ́.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló dùn mí. Nígbà tí àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìnáwó ní ìpínlẹ̀ New York pe iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní oṣù keje ọdún 2020, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ihò yẹn ti wà láti ọdún 2014, àti pé àwọn tí iléeṣẹ́ fúnra ẹ̀ ní kí wọ́n máa wá ihò kiri ti rí i ní oṣù kejìlá ọdún 2018. Wọ́n rí i! Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìròyìn, wọ́n parí ìròyìn yẹn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Lẹ́yìn náà wọ́n pín in sí àwọn àléébù tí ò le, wọ́n yẹ ìwé 10 wò nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù, iṣẹ́ wá bọ́ sórí tábìlì ẹnì kan, ó wà níbẹ̀. Oṣù márùn-ún kọjá. Nígbà tí Krebs wá gbé e jáde, àwọn ọ̀gá àgbà tó jáde wá sọ̀rọ̀ fún gbogbo ayé ò mọ̀ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ti mọ̀ ọ́n látìgbà yẹn, èyí ni SEC tó ń ṣọ́ ọjà ìpín ìdókòwò fi bá wọn wí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, owó ìtanràn tí wọ́n sì san lórí ìyẹn jẹ́ dọ́là 487,616. Ti New York parí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, dọ́là mílíọ̀nù kan. Ẹ bá mi pín in. Mílíọ̀nù kan dọ́là sí ìwé mílíọ̀nù 885, ìwé kan ò tó ìdá kan nínú márùn-ún kọ́bọ̀ Amẹ́ríkà.

Ọmọkùnrin yẹn sì bi mí pé ta ló máa ka nọ́ńbà. Àjọ New York dáhùn ìyẹn náà: láàárín oṣù 11 tí lọ́ọ̀gù, ìyẹn àkọsílẹ̀ ẹni tó wọlé, wà fún, ìwé tó ju 350,000 lọ ni rọ́bọ́ọ̀tì kọ̀ǹpútà ti wọlé wá wò láìgba àṣẹ. Èèyàn kankan ò jókòó. Kóòdù kékeré kan ló ń ka nọ́ńbà lọ láti òru dé òru, kì í sùn, kì í rẹ̀ ẹ́. Bí ògiri ò bá lanu aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, ó dáa, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹni tó kọ́lé bá rí i pé ògiri ti lanu, tó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnu ẹ̀ kéré, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe ìyẹn.

Mo tẹ gbogbo èyí sínú ímeèlì kejì, mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àwọn onísọ́fítíwíà tààrà, mo sì fi orúkọ ọ̀gá tiwa náà sí i kí wọ́n lè rí i. Ọjọ́ 16 ló gbà wọ́n kí wọ́n tó dí i.

Ọjọ́ 16 yẹn, mi ò lè gbàgbé wọn. Bọ́tìnnì kan ò sí tí èèyàn fi lè pa líǹkì gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà mo sọ fún ọ̀gá pé ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ máa yọ ìwé tó le jù kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn wíìlì, àwọn affidavit tí NIN wà lórí ẹ̀, àwọn survey plan. Mo ń dúró lọ́fíìsì di aago mẹ́sàn-án alẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń dún, mò ń dáwùn lóòdù wọn sínú hard drive kan, mò ń pa wọ́n rẹ́ lórí sọ́fítíwíà. Lálẹ́ kejì mo ní kí n kúkú dán ọ̀kan wò. Mo pa á rẹ́, mo lọ sí browser tí ò mọ̀ mí, mo tẹ líǹkì ẹ̀. Ó ṣí. Ó ṣì wà níbẹ̀ wọ̀ǹ-wọ̀n-wọ̀n. Ohun tí mo pa rẹ́ kàn kúrò lójú tèmi ni, inú ibi tí wọ́n ń kó pàǹtírí sí ló lọ, líǹkì sì mọ̀nà débẹ̀. Mo jókòó níbẹ̀ mo sunkún díẹ̀, mi ò ní purọ́. Lẹ́yìn ìyẹn mo lọ wá bí wọ́n ṣe ń da ibi pàǹtírí yẹn nù, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé kìn-ín-ní.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní London ni mo sọ fún, ó ní kí n má jẹ́ kó pa mí, pé ó ń kan àwọn ńláńlá náà. Ó rán mi létí MOVEit ti ọdún 2023, sọ́fítíwíà tí iléeṣẹ́ fi ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí ara wọn, ihò kan wà níbi tó ti ń bá database sọ̀rọ̀, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ Cl0p gba ibẹ̀ wọlé ní ìparí oṣù karùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ihò wà, iléeṣẹ́ tó ń bá BBC, British Airways àti Boots ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù ń lò ó, ni dátà àwọn òṣìṣẹ́ wọn bá lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó fọ́ MOVEit, olè tó mọṣẹ́ ni wọ́n, wọ́n wá a kàn ni. Èyí tí mò ń sọ yìí, kò sẹ́ni tó fọ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ò sí níbẹ̀.

Ẹlòmíì tún sọ fún mi níbí pé kí ni mò ń dà láàmú lé lórí, ṣebí gbogbo dátà wa ti wà níta, ṣebí lọ́dún 2024 ni ìròyìn jáde pé ààyè ìkànnì kan ń ta NIN àwọn èèyàn ní 100 náírà. Mo gbọ́ ọ, ó sì bí mi nínú bó ṣe bí gbogbo èèyàn nínú nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Páásíwọ̀ọ̀dù tó bá jáde, ẹ máa yí i padà. Káàdì báńkì, ẹ máa dí i. Ìbúwọ́lùwé bàbá tó ti kú ńkọ́? Survey plan ní nọ́ńbà beacon, òpó tí wọ́n ń rì sígun ilẹ̀, lórí ẹ̀, ó ní orúkọ sọ̀féyọ̀, ó ní ibi tí ilẹ̀ wà gẹ́lẹ́ lórí máàpù. Ẹni tó bá ní ìyẹn, tó ní fọ́tò onílẹ̀, tó ní bó ṣe ń bọ́wọ́ lùwé àti iye tó ra ilẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, kí ló kù tó fẹ́ fi ṣe agreement ayédèrú? Gbogbo ẹni tó ti ra ilẹ̀ rí níbí mọ ohun tí mò ń sọ. Wíìlì tún wá burú jù, torí ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè, àwọn ọmọ ò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀, bàbá yẹn sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dí ihò yẹn tán, mo dán an wò. 4418: ó ní kí n wọlé. Mo fi àkáǹtì ìdánwò tí a ṣe wọlé, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ní mi ò láṣẹ láti rí ìwé yìí. Ó ti ń béèrè méjèèjì wàyí. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó kù: láàárín ọdún tí a ti ń lò ó, ta ló ti wọlé wo ìwé wa? Wọ́n ní lọ́ọ̀gù ọgbọ̀n ọjọ́ nìkan làwọn ń tọ́jú. Nínú ọgbọ̀n ọjọ́ yẹn, wọ́n rí ọmọ business center, wọ́n rí èmi. Èyí tó ṣáájú ìyẹn, òfo.

Ọ̀gá mi ò fẹ́ sọ fún kọ́sítọ́mà kankan. Ẹ̀rù bà wọ́n, mo mọ̀, ogún ọdún ni wọ́n fi kọ́ ọ́fíìsì yẹn. Wọ́n ní "Wọ́n ti dí i, kò sí nǹkan tó sọnù, kí la fẹ́ máa da ọkàn àwọn èèyàn láàmú sí?" Mo gbé òfin kalẹ̀ fún wọn, Nigeria Data Protection Act tí ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, pé tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ tó lè pa èèyàn lára, wákàtí 72 péré lèèyàn ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí, tí ewu ẹ̀ bá sì pọ̀ fún ẹni tó ni dátà, kí wọ́n sọ fún onítọ̀hún náà. A ti kọjá 72 yẹn tipẹ́. A fa ọ̀rọ̀ yìí fún odidi ọjọ́ kan, mo ní tí wọn ò bá ní sọ, mi ò ní lè máa gba ìwé ẹnikẹ́ni mọ́, mi ò sì sọ ọ́ láti dẹ́rù bà wọ́n. Nírọ̀lẹ́ wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí àjọ yẹn, kí n sì máa pe àwọn kọ́sítọ́mà lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkùnrin 4471.

Wọ́n gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ gbogbo ẹ̀, mi ò fi ọ̀kan pamọ́, màmá elélùbọ́ (mi ò dárúkọ wọn), ọmọ business center, bébà tó ya, ọjọ́ 16. Wọn ò bú mi. Wọ́n dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ, wọ́n wá ní, "Yàtọ̀ sí màmá yẹn àti ọmọ yẹn, ta ló tún rí i?"

Mo ní, "A ò mọ̀ sà. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀."

Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá kó ìwé àwọn. Lọ́jọ́ Friday wọ́n dé tàwọn tìyàwó wọn, wọ́n kí wa dáadáa, wọ́n jókòó. Mo gbé fáìlì páálí wọn jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, èyí tí òjò ò bà, mo gbé e síwájú wọn. Wọ́n bọ gíláàsì ojú wọn sójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojú ewé rẹ̀, wọ́n ń fi itọ́ kan ìka, wọ́n ń ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. 14 ni. Wọ́n tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìyàwó wọn yọ nylon kan nínú báàgì, wọ́n wé e sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bi mí bóyá ó ku òmíì níbikíbi.